Yíyún Kì Í Pa Ajá

Kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà tó rọ̀, ìhà ọ̀tún Wítì ti dà bí awọ bàtà tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Irun ti re kúrò níbẹ̀. Awọ náà dúdú, ó nípọn, ó sì sán bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Etí rẹ̀ méjèèjì ń rùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó máa ń lá láti àárọ̀ títí di alẹ́ ti pọ́n bí ata. Bí Fàtímọ̀ bá jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré rẹ̀, ìró tó máa ń gbọ́ ni ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá náà tó ń gbá ilẹ̀, gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gún iyán nílé kejì.

Ó di ọdún kẹta tó ti ń gbọ́ ọ.

Kì í ṣe pé Fàtímọ̀ fẹ́ràn ajá tẹ́lẹ̀. Ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ilé mùsùlùmí náà ló fẹ́ sí, wọn kì í sì í sin ajá nílé méjèèjì. Ìjímèrè ló sọ ọ́ di alájá. Oko tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà lábà Ìdí-Ẹ̀mí, létí igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní páàkì. Inú igbó yẹn ni àwọn ọ̀bọ pupa ẹlẹ́sẹ̀ gígùn náà ti máa ń jáde wá. Wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé-ìwé, ogún, ọgbọ̀n. Kí èèyàn tó bu omi mu tán, wọ́n ti ká àgbàdo ebè mẹ́wàá, wọ́n ti hú iṣu, wọ́n ti bu ẹnu kọ̀ọ̀kan jẹ lára rẹ̀, wọ́n sì ti jù ú nù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kó fi oko náà sílẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan ṣoṣo kò lè bá ìjímèrè du oko. Wọ́n ní kó wá máa ta ọṣẹ níwájú ilé.

Fàtímọ̀ kò bá wọn jiyàn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjìó, ó ra ọmọ ajá kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ó gbé e wá sóko, ó sì sọ ọ́ ní Wọ́n-á-wí-tì. Ẹni tó bá bèèrè orúkọ ajá náà ti gba èsì ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará abà gé orúkọ náà kúrú sí Wítì. Abọ́ Wítì wà lọ́tọ̀, ibùsùn rẹ̀ wà lọ́tọ̀, aṣọ ìrun Fàtímọ̀ sì wà lórí àjà níbi tí imú ajá kò lè dé. Ó bi àfáà rẹ̀, àfáà sì dá a lóhùn pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ajá tó ń ṣọ́ oko. Fàtímọ̀ kò bi ẹlòmíràn mọ́.

Wítì dàgbà, ó di akọ ajá gíga, aláwọ̀ iyanrìn, tí ohùn rẹ̀ ń dé etí odò. Ọdún méjì gbáko ni ìjímèrè kan kò fi fẹsẹ̀ tẹ oko náà. Lẹ́yìn náà ni yíyún bẹ̀rẹ̀.

Fàtímọ̀ kọ́kọ́ rò pé eégbọn ni. Ó jókòó tì í, ó tú irun rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń di irun ọmọ, ó ń fa eégbọn, ó ń jù wọ́n sínú kẹ́rósìn. Yíyún kò dá. Ó fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Ó po imí-ọjọ́ mọ́ àdí, ó fi pa á. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn adìẹ lọ́jà gún un lábẹ́rẹ́, ó ní yóò tán kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Ó rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lóòótọ́, ó sì tún padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà.

Ìgbà náà ni Bàbá Àdìgún gbà á nímọ̀ràn. Àdìgún ni olórí abà, ọdẹ sì ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kì í sì í gbé ohùn sókè, nítorí kò sẹ́ni tó jẹ́ kó nílò rẹ̀.

"Ọ́ìlì ọkọ̀," ló wí. "Èyí tí wọ́n ti lò tán, tó ti dúdú. Fi pa á láti orí dé ìrù. Bí àwa ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé Òkè-Ògùn."

Fàtímọ̀ gba ọ́ìlì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó sì fi pa Wítì. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, awọ ajá náà ti wú, ó ti ń ṣe omi. Ó bì. Ó wọ abẹ́ àká lọ, kò sì jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ohun tó dun Fàtímọ̀ jù kì í ṣe egbò yẹn. Ohun tó dùn ún ni pé nígbà tó ń fi ọ́ìlì pa ajá náà, ṣe ló dúró jẹ́ẹ́ fún un. Ó gbà pé ìyá òun kò ní fi nǹkan búburú pa òun lára. Fàtímọ̀ sì rántí ìdúró yẹn ní gbogbo ìgbà tó bá ń bu omi sínú abọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Àdìgún pe àwọn ará abà jọ síwájú ilé rẹ̀.

"Ìyá Ramlah, jókòó," ló wí fún Fàtímọ̀.

"Mo ti jókòó, Bàbá."

"Kúrúnà ló ń ṣe ajá rẹ. Kò gbóògùn mọ́. A ní ajá mìíràn lábà yìí, a ní ewúrẹ́, a ní ọmọ. Kó tó ran gbogbo wọn, ó yẹ ká wá nǹkan ṣe sí i."

"Nǹkan bíi kí ni, Bàbá?"

"Ìbọn mi wà nílé. Kò ní mọ̀ ọ́n lára."

Fàtímọ̀ wo ojú àwọn tó jókòó. Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò. Ṣùkúrù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń fi igi kékeré kan ya nǹkan sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Fàtímọ̀ wí. "Àmọ́ ẹ má ṣe wàhálà."

"N kò bi ọ́ bóyá o fẹ́. Mo ń sọ ohun tí abà fẹnu kò lé lórí fún ọ ni."

"Èmi náà wà lábà yìí, ẹnu tèmi kò sí níbẹ̀. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí Ṣakí. Bí dókítà ẹran bá sọ pé ó ń ràn, èmi fúnra mi ni n óò dì í mú fún yín. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa yìnbọn fún ajá mi lórí ilẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi."

Ẹnìkan húkọ́.

"Títí di ẹ̀yìn Iléyá," ni Àdìgún wí. Iléyá ku oṣù méjì.

Bí Fàtímọ̀ ti ń padà lọ sí ahéré rẹ̀, inú ń bí i, àmọ́ kò lè pe Àdìgún ní ìkà. Ó mọ ohun tó ń bẹ nínú ọkùnrin náà, gbogbo abà ló mọ̀ ọ́n. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, ajá kan tí kò ní olówó ṣìnà wọ abà náà, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó sì gé ọmọ Àdìgún tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé jẹ ní ẹsẹ̀. Wọ́n fi ewé di ojú egbò náà, ó sì jinná. Ó lé ní oṣù kan kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Láti ọjọ́ náà, ajá tí ara rẹ̀ kò bá dá, òkú ni lójú Àdìgún. Fàtímọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé Wítì kọ́ ló gé ẹnikẹ́ni jẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi okùn fa ajá náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kó iṣu sọ́kọ̀. Awakọ̀ náà, Sódìq, bojú wo ẹgbẹ́ Wítì, ó fọwọ́ bo imú.

"Ìyá, ẹ má bínú, n kò lè gbé ajá oníkúrúnà."

"Iṣu ta lo kó sínú ọkọ̀ yẹn?"

"Iṣu yín wà níbẹ̀."

"Iṣu mi ń lọ, èmi náà ń lọ, ajá tó ṣọ́ iṣu náà títí tó fi ta sì ń lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bá mi sọ tèmi kalẹ̀."

Sódìq wo òkè iṣu náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ti Fàtímọ̀ wà. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Orí iṣu ni Fàtímọ̀ jókòó sí títí wọ́n fi dé Ṣakí, orí ajá náà wà lórí itan rẹ̀, tapólì bò wọ́n nítorí eruku. Nígbàkígbà tí Wítì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í họra, Fàtímọ̀ a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibẹ̀ dípò èékánná, títí yóò fi rọlẹ̀ díẹ̀.

Nílé ìwòsàn ẹran, àwọn tó gbé ewúrẹ́ àti adìẹ wá sún kúrò lórí bẹ́ǹṣì fún un, kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀. Fàtímọ̀ jókòó sí gbogbo àyè tí wọ́n fi sílẹ̀.

Dókítà náà ń jẹ́ Ayọ̀dàmọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà rọ́bà. Kò fọwọ́ bo imú. Ó kúnlẹ̀ ti Wítì, ó wo inú etí rẹ̀, ó ya ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó fi abẹ fá awọ rẹ̀ díẹ̀ sórí gíláàsì kékeré, ó sì gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan tíntín di ńlá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó fa àpótí, ó jókòó síwájú Fàtímọ̀.

"Màmá, mo wá kòkòrò tó ń fa kúrúnà lára rẹ̀, n kò rí ẹyọ kan."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

"Ẹ mọ àwọn èèyàn kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jẹ edé, gbogbo ara wọn á lé?"

"Àbúrò mi obìnrin nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ajá yìí. Ohun kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà. Bí ara rẹ̀ bá ti rí nǹkan náà, á rò pé ọ̀tá ló dé, á sì dìde ìjà. Awọ rẹ̀ ni ojú ìjà náà. Nítorí ó ń họ ọ́, ó bó. Nítorí ó bó, kòkòrò mìíràn gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ìyẹn ló ń rùn."

"Ṣé ó ń ràn?"

"Kò ràn. Kò lè ran ajá, kò lè ran ewúrẹ́, kò lè ran èèyàn."

"Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún mi, kí ẹ lu òǹtẹ̀ lé e."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọ ọ́, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Fàtímọ̀ ká ìwé náà, ó so ó mọ́ ìdí ìró.

"Ìgbà wo ni yóò tán lára rẹ̀?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà mi orí. "N kò fẹ́ purọ́ fún yín, Màmá. Irú èyí kì í sábà tán. Àmọ́ bí a bá mọ ohun tó ń bí i nínú, a lè mú un dákẹ́, kó sì máa ṣe ayé rẹ̀ lọ." Ó tún fọwọ́ kan ibi tí awọ náà ti bó. "Ta ló fi ọ́ìlì pa á?"

"Èmi ni."

"Ẹ má ṣe é mọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, á ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́."

"N kò ní ṣe é mọ́," ni Fàtímọ̀ wí, kò sì sọ pé ẹlòmíràn ló ní kí òun ṣe é.

Dókítà bi í ní ohun tí Wítì ń jẹ. Ẹ̀bà ni, láfún ni, egungun màlúù láti ọ̀dọ̀ alápatà, àti omi wàrà tí obìnrin Fúlàní kan máa ń bù fún un ní òròòwúrọ̀ bó bá ń kiri wàrà rẹ̀ kọjá. Omi wàrà yẹn ni Wítì fẹ́ràn jù láyé.

"Ṣé ó ti jẹ ẹja rí?"

"Ta ni yóò máa fún ajá lẹ́ja?"

"Ẹ̀yin ni. Iṣu sísè àti ẹja inú yìnyín, kò gbọdọ̀ níyọ̀, kò gbọdọ̀ láta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan mìíràn, ì báà ṣe egungun kan ṣoṣo. Bí ó bá san, oúnjẹ ni. Bí kò bá san, a óò wá nǹkan mìíràn."

Ó fún un ní ọṣẹ kan tí yóò fi máa wẹ̀ ẹ́, oògùn etí, oògùn tí Wítì yóò máa lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ojú egbò, àti ohun tí yóò máa kán sí i lẹ́yìn ọrùn kí yọ̀rọ̀ àti eégbọn má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, ó gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì pupa rúsúrúsú kan: Wọ́n-á-wí-tì. Ó ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà kò rọrùn. Ajá tó ń rìn káàkiri kò lè ṣe kó má rí nǹkan jẹ, nítorí náà Fàtímọ̀ dè é mọ́lẹ̀. Kí ọjọ́ kẹwàá tó pé, ìjímèrè ti mọ̀. Wọ́n wá ní ìdájí, wọ́n hú àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, wọ́n sì jókòó sórí ebè tí wọ́n ń wo Fàtímọ̀ bí ẹni tó ń wo aláwàdà. Nígbà tí Fàtímọ̀ rí i pé òun kò lè tú ajá sílẹ̀, tí òun kò sì lè fi oko sílẹ̀, ó so orí okùn Wítì kan mọ́ ìdí ara rẹ̀. Bí ó bá ń roko, ajá wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìjímèrè bá yọ, àwọn méjèèjì á jọ sáré, obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta tó ń lu agolo, àti ajá tó ń fà á lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọ̀dọ́ abà fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Ìyá Ramlah ti fẹ́ ọkọ tuntun, ọkọ náà sì so ó lókùn.

"Ó sàn ju èyí tí kò ní sáré fún mi," ló dá wọn lóhùn, ó sì ń ta iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún.

Ó lọ bá obìnrin oníwàrà náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má fún Wítì ní nǹkan mọ́. Obìnrin náà kò bi í ní ìdí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀nà òdìkejì abà ló ń gbà, kí ajá náà má bàa máa sunkún bó bá rí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òórùn etí lọ. Ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Fàtímọ̀ jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí, ó ń pa èso rẹ̀ láti ṣe òrí, nígbà tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, tí kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ó gbé ọwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Wítì ti sùn láti ìgbà tí oòrùn ti wà lókè orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mira. Fàtímọ̀ kò dìde títí ó fi jí, kó má bàa ba oorun náà jẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹfà, irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí irun orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Lẹ́yìn náà ni Iléyá dé. Ramlah, ọmọ Fàtímọ̀ kan ṣoṣo, wá láti Ìsẹ́yìn, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀, Samsudeen, ti ń hun òfì. Abà ti dáwó pa màlúù kan, ẹran pọ̀ nílé gbogbo. Fàtímọ̀ ti sọ fún Ramlah, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ Ramlah rí ajá náà tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò, ó wo irun tuntun tó wà lára rẹ̀, ó ní ọdún ni, ajá ti san. Ó ju egungun itan kan sí i, pẹ̀lú ẹran tó kù lára rẹ̀.

Kò pé ọjọ́ méjì tí gbì, gbì, gbì náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ọdún, ẹ̀jẹ̀ wà lára àkéte Wítì, etí rẹ̀ ti pọ́n, ó ti fi eyín bó ibi tí irun tuntun ti yọ.

Ramlah bú sẹ́kún. "Ìyá mi, èmi ni. Èmi ni mo fún un ní egungun."

Fàtímọ̀ wo ajá, ó wo ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìdè, gbogbo eré, gbogbo ìṣubú orí ebè, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan kó wọn dà sílẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pe dókítà, ó rò fún un bó ṣe rí.

"Egungun màlúù?" ni Ayọ̀dàmọ́lá bèèrè. "Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

"Màmá, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Èmi náà ì bá ti ní kí ẹ fún un bó bá di ìparí, ká lè rí i dájú. Màlúù ni. Ẹran rẹ̀, egungun rẹ̀, wàrà rẹ̀. Ẹ padà sí iṣu àti ẹja, ẹ ó rí i pé yóò rọlẹ̀."

Fàtímọ̀ gbé fóònù kalẹ̀. Nǹkan tó ti ń bá jà nínú òkùnkùn láti ọdún mẹ́ta, ó ti mọ orúkọ rẹ̀ wàyí. Ó fa gèlè Ramlah, ó fi nu ojú rẹ̀ fún un. "Dákẹ́. Gbé omi kaná, ká wẹ̀ ẹ́."

Ọṣẹ ṣì wà lára Wítì nígbà tí Àdìgún dé pẹ̀lú ìbọn léjìká, Ṣùkúrù àti ọkùnrin méjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Ajá ńlá Àdìgún, abo dúdú kan, tẹ̀ lé wọn, ó kọjá láàárín ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin náà, ó sì lọ ń fi imú kan Wítì bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́.

"Iléyá ti kọjá, Ìyá Ramlah," ni Àdìgún wí. "Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tún ti ń jáde lára rẹ̀."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde."

"Tú u kúrò lókùn."

Fàtímọ̀ kò tú u. Ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìfófòó, ó sì dúró sí àárín ìbọn àti ajá. Ramlah mú ìwé dókítà wá, Fàtímọ̀ sì nà án sí Ṣùkúrù, nítorí òun ló mọ̀wé jù nínú wọn. Akọ̀wé ni Fàtímọ̀ máa ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé kì í ti í pe ọmọ ọkọ lórúkọ.

"Akọ̀wé, ẹ kà á síta."

Ṣùkúrù kà á. Ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àrùn náà kò ràn, ó gbé e sókè, ó tún ibẹ̀ kà.

"Ìwé ni," ni Àdìgún wí. "Ojú mi ni mo gbà gbọ́."

"Ẹ fi ojú náà wo abo yín," ni Fàtímọ̀ dáhùn. "Ọdún mẹ́ta ló ti ń bá Wítì ṣeré. Ẹ̀bá ara wọn ni wọ́n ń sùn nígbà ọyẹ́. Ọmọ méjì nínú àwọn ọmọ tó bí lésìí, àwọ̀ Wítì ni wọ́n gbé wá sáyé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí yíyún yìí bá ń ràn, ta ni ì bá kọ́kọ́ ràn? Ẹ fọwọ́ tú irun rẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú kan tó bó, kí ẹ gbé ìbọn yín sókè."

Abo dúdú náà ti dùbúlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, irun rẹ̀ ń dán.

"Mo mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù," ni Fàtímọ̀ tún wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, àmọ́ kò yẹsẹ̀. "Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Kẹ́hìndé kú. Èmi ni mo di aṣọ bo ojú fèrèsé nítorí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Dìgbòlugi ló pa á, Bàbá, kì í ṣe yíyún. Yíyún kì í pa ọmọ, kì í pa ajá pàápàá, ìyà ló fi ń jẹ ẹ́." Ó tọ́ka sí Ramlah, Ramlah sì mú káàdì náà jáde. "Ajá mi ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Orúkọ rẹ̀ rèé, ọjọ́ tó gbà á rèé. Ẹ fi káàdì ti abo yín hàn mí. Ẹ fi ti ajá kan ṣoṣo lábà yìí hàn mí. Bó bá jẹ́ nítorí ọmọ yín lẹ fi gbé ìbọn wá, ajá mi nìkan kọ́ ni ẹ̀ bá yìnbọn fún. Òun gan-an nìkan ni kò lè ṣe ohun tí ẹ ń bẹ̀rù."

Àdìgún gba káàdì náà. Kò mọ̀ ọ́n kà, ó kàn dì í mú. Ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú.

"Ṣé abẹ́rẹ́ yìí ti wà nígbà náà?" ló bèèrè.

Fàtímọ̀ kò retí ìbéèrè náà. Ì bá purọ́ fún un, nítorí ọkùnrin náà ti darúgbó. "Ó ti wà, Bàbá. A kò mọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa."

Àdìgún dá káàdì náà padà. Ó gbé ìbọn rẹ̀ kúrò léjìká, ó dojú ẹnu ìbọn náà kọ ilẹ̀, ó sì yí padà lọ sílé láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ajá rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ṣùkúrù dúró díẹ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù.

"Ìyàwó wa," ló wí, "ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn."

"Ó yẹ," ni Fàtímọ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ajá rẹ̀, ó ń bá wíwẹ̀ rẹ̀ lọ.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Ayọ̀dàmọ́lá gun alùpùpù wá sábà Ìdí-Ẹ̀mí pẹ̀lú kúlà abẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Fàtímọ̀ ló pè é. Wọ́n kó àwọn ajá jọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣu. Àdìgún ló fà sẹ́yìn jù lọ nínú gbogbo wọn, àmọ́ ó wá, ó mú abo dúdú náà wá àti ọmọ rẹ̀ kan tó jẹ́ aláwọ̀ iyanrìn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dì wọ́n mú fún abẹ́rẹ́. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Fàtímọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì tọrọ rẹ̀ títí di òní. Fàtímọ̀ kò dúró dè é.

Yíyún náà kò tán. Bí koríko bá yọ òdòdó ní ìparí òjò, Wítì a tún bẹ̀rẹ̀ sí í lá àtẹ́lẹsẹ̀, Fàtímọ̀ a sì máa fi omi mímọ́ ṣan án fún un ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti oko dé. Etí rẹ̀ ọ̀tún máa ń rùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irun ìhà rẹ̀ kò padà kún bíi ti àtijọ́, ojú àpá wà níbẹ̀. Ó ń jẹ iṣu, ó ń jẹ ẹja, ó sì ń sáré láìsí okùn.

Ní ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, obìnrin àlejò kan tó wá láti Kísí bá Fàtímọ̀ níbi tó ti ń kán oògùn sí ajá náà létí.

"Ìyá, ajá yìí mà ń fún yín níṣẹ́ o. Ìgbà wo ni yóò san?"

"Kò ní san," ni Fàtímọ̀ wí, kò gbójú sókè. "Yí etí kejì sí mi, Wítì."

Wítì yí i sí i.